Èjìká

Bàbá mi Oyèdòkun kì í sọ karawun ọta nù.
Bó bá yìnbọn tán, á bẹ̀rẹ̀ sínú koríko,
á máa fọwọ́ wá a bí ẹni wá abẹ́rẹ́,
á fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, á jù ú sápò.

Lálẹ́, lẹ́yìn ilé wa ní Kwali,
ó yọ́ òjé tó tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà
lójú títì Lọ́kọ́ja.
Òjé yọ́, ó dán bí ojú ẹja.
Ọta kan, odindi, ló fẹ́ rọ,
kì í ṣe wóró wẹ́wẹ́ tí à ń fi pa àparò.
Ọwọ́ tó ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìwò
wá ń gbọ̀n lórí òṣùwọ̀n ètù.
Ó ní, "Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, a ó bu omi sí i.
Ètù tó bá ti bú ńkọ́?"

Ìmàdò ló ń múra dè,
èyí tó tú ebè Shekwolo,
ọgọ́fà ebè, òru kan ṣoṣo.
Iṣu yẹn kì í ṣe tiwa.
Ṣùgbọ́n Shekwolo ló fún wa nílẹ̀
nígbà tí a ti Ìgbẹ́tì dé
pẹ̀lú àpò méjì àti ìbọn kan.

Nígbà tó yìn ín, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.
N ò rí ìmàdò. Bàbá mi ni mo rí:
ìdí ìbọn ta á nípàá léjìká,
fìlà fò, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wá ilẹ̀ kiri.
Nígbà tó mí tán, ó ní,
"Má fi àyè sílẹ̀ láàrin ìwọ àti ìbọn.
Àyè yẹn ló fi ń sáré kó tó gbá ọ.
Fà á mọ́ra bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó."

Lọ́jọ́ kejì èjìká pọ́n bí osùn,
lọ́jọ́ kẹrin ó ti di aró.

Tani, aya Shekwolo, ru igi ìdáná wá kí wa,
léjìká, bí àwọn Gbagyi ti ń ṣe;
wọ́n ní orí lọba, a kì í gbẹ́rù lé ọba.
Ó sọ igi kalẹ̀.
Ó wo bàbá mi títí,
ó fa ọrùn bùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀,
ó fi ibi tó ti yi hàn án:
ogójì ọdún igi, ogójì ọdún omi.
Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún. Ó dákẹ́.

Ìmàdò ò kú o.
Ọta náà ṣì wà lára igi òrí kan létí odò,
ìyá mi sì ń fi òrí pa á léjìká,
ó ń tẹ̀ ẹ́ ju bó ti yẹ lọ:
"Igi lo yìn níbọn, Oyèdòkun.
Igi náà ló ń wò ọ́ yìí."