Ojú Tuntun, Ikọ́ Àtijọ́

Ọ̀nà Ọ̀dà l'Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà,
ibi tí ọ̀dà títì ti tán tí erùpẹ̀ pupa gba iṣẹ́.
Ẹ má wulẹ̀ wá pátákó, òjò ti fọ orúkọ mi nù.
Ẹ béèrè ẹni tó ń pààrọ̀ ojú ọkọ̀,
ọmọ tó ń ta pọ́fù-pọ́fù á mú yín wá.

Mátíríìsì ni mo mọ̀ jù.
Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, ẹ jẹ́ n fọwọ́ pa á nímú,
n ó sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́.
Ti ẹgbàá ó lé mẹ́ta, bọ́ńpà rẹ̀ panu mọ́.
Ti ẹgbàá ó lé márùn-ún la ẹnu díẹ̀,
bí ẹni tó fẹ́ béèrè owó rẹ̀ tí ojú ń tì.
Iná iwájú tún fẹjú sí i.
Inú ńkọ́?
Inú ò yí. Ẹ́ńjìnnì kan náà,
ìjókòó kan náà tó ń jóni nídìí lọ́sàn-án,
bíi bàbá tó pa irun láró
tí orúnkún ṣì ń ro ó.

Tíṣà Olúwatúyì gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì.
Ó ní àna òun l'Óǹdó ń gun ti tuntun,
àwọn jọ páàkì níbi ìkómọ,
ni ọmọ kékeré kan bá nawọ́:
"Ẹ wo bàbá ọkọ̀ yẹn àti ọmọ rẹ̀!"
Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Kò sùn lóru ọjọ́ náà.
Owó oṣù tí ìjọba ti jẹ ẹ́ tipẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé,
ó kà á sí mi lọ́wọ́, ó tún un kà.
Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀.
Mo ki owó bọ àpò.

Ọjọ́ mẹ́ta. Fẹ́hìntọ́lá ń di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà.
Bọ́ńpà tuntun fi ìka kan gùn ju àyè rẹ̀ lọ,
mo bẹ́ irin díẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run díẹ̀,
ó wọlé.
Nígbà tí mo tan iná nírọ̀lẹ́,
ògiri ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì funfun bí ẹyin,
Tíṣà sì dúró níwájú ọkọ̀ rẹ̀,
ó ṣe bí ẹni fẹ́ kí i.

Ó gbé e délé l'Ókè Àró.
Ajá gbó o.
Ìyàwó yọjú lójú fèrèsé: "Ta lẹ ń wá?"
Ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò ríran mọ́ láti ọdún kẹta,
ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn:
"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi.
Àbí etí yín di? Ikọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

Gíà kejì ló máa ń wú ikọ́ bẹ́ẹ̀.
N ò fọwọ́ kàn án. Kò sanwó gíà.

Ojú àtijọ́ wà lọ́dọ̀ mi, mo fi iná méjèèjì kọ́ ìṣó.
Bí oòrùn àárọ̀ bá ta lu gíláàsì wọn,
wọ́n a máa wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Fẹ́hìntọ́lá ní ojú mìíràn ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu,
ó ní èyí tí a lẹ̀ mọ́ ti Tíṣà ti di ti àná.
Mo ní kó lọ gbálẹ̀.

Lánàá, obìnrin kan wá láti Ọ̀wọ̀,
màlúù ló fọ́ ojú ọkọ̀ rẹ̀ lóru.
"Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́," ó ní,
"bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an."
Mo já iná méjèèjì sílẹ̀, mo nù wọ́n.
Ó ku bọ́ńpà.
Mo ní kó ní sùúrù, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án,
adìyẹ ń sàba lórí ẹyin mẹ́fà nínú rẹ̀.
Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.
Mo gbé àga fún un.