Òjìji Tí A Yá

Ní ẹ̀yìn odò, níbi tí àwọn apẹja Òṣogbo ti ń yí ọkọ̀ padà
tí wọn kì í sọ ìdí,
ibẹ̀ ni àwọn Ayájìji ń gbé.
Kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ wá nìkan ló wà,
ẹnì kan ṣoṣo ló sì rìn ín: ìyá ìyá mi.

Wọ́n ní a kì í bí òjìji mọ́ ènìyàn.
Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ bá igi,
wọ́n á da omi tútù sídìí rẹ̀,
wọ́n á ní: "Yá a. Yóò dá a padà."
Bí ewé kan bá já lé ọmọ lórí, igi ti gbà nìyẹn.
Bí kò bá já, wọ́n á gbé e lọ sídìí òmíràn.
Àwọn ọmọ kan ń tọrọ káàkiri di ojúmọ́.

Ìdígbò ló yá ìyá ìyá mi.
Orúkọ rẹ̀ nìyẹn: Ìdígbòyámi.

Nítorí gbèsè yìí, wọn kì í rìn lọ́sàn-án gangan,
kí wọ́n má baà fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ohun olóhun.
Bí ẹni méjì bá fẹ́ra, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń dúró sí nírọ̀lẹ́,
kí òjìji kọ́kọ́ fọwọ́ kan òjìji
kí ara tó gbọ́.

Lọ́jọ́ kan ayùn dé. Mi ò mọ ẹni tó rán an.
Ìdígbò wó, wọ́n gé e sí mẹ́rin, omi gbé e lọ.
Àwọn àgbà ní kó sunkún, kó wá igi mìíràn.
Ó ní, "Bí ẹni tó yá mi ní nǹkan bá kó lọ sí ìlú mìíràn,
ṣé gbèsè tán nìyẹn?"
Ló bá tẹ̀lé igi rẹ̀.

Ọ̀kan ti di ilẹ̀kùn, méjì ti di àjà ilé ní Ìlobùú.
Ìkẹrin di àga gbọọrọ ní téṣàn rélùwéè l'Óṣogbo.
Sùbérù tó ń fi àsíá dá ọkọ̀ ojú irin dúró ló fi í hàn án.
Ó jókòó. Kò dìde mọ́ títí Sùbérù fi fẹ́ ẹ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tó rí iná mànàmáná ní títì Òkè-Fìà,
ó wolẹ̀, ó rí mẹ́ta:
ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn,
ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ.
Ó bú sẹ́kún. "Méjì yìí, ọwọ́ ta ni mo ti yá wọn?"
Láti ọjọ́ náà, bí Nẹ́pà bá mú iná lọ,
tí gbogbo àdúgbò ń ṣépè,
ìyá àgbà a pàtẹ́wọ́: "Wọ́n ti dárí gbèsè jì mí o!"
Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín.

Òkú Ayájìji kì í wọlẹ̀ pẹ̀lú ohun tó yá.
Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ sídìí igi rẹ̀, tí òjìji gùn jù,
wọ́n á tẹ́ ẹ lé ti igi lórí, wọ́n á dákẹ́
títí ilẹ̀ á fi ṣú,
tí a kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ta.

A gbé e dé téṣàn. Ọ̀gá téṣàn ní
kí olúkúlùkù san owó tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé.
Sùbérù ní, "Òkú ńkọ́?"
Ó ronú. Ó ní ìdajì.
A san án. A gbé àga síta, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọkọ̀ ojú irin kankan kò kọjá. Ó ti pẹ́ tí kì í kọjá.
Ewúrẹ́ kan wá, ó wò wá, ó lọ.

Mo búra: nígbà tí a gbé e dìde níwájú àtùpà Sùbérù,
ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ láúláú.

Èmi, ilé ìwòsàn ni wọ́n bí mi sí.
Ẹnikẹ́ni kò gbé mi lọ sídìí igi.
Bí mo bá ń ti Ọjà Ọba bọ̀ lọ́sàn-án,
mo máa ń wo ohun dúdú tó ń bá mi rìn.
Mi ò mọ olówó rẹ̀.
Láàárọ̀ àná, mo da omi tútù sídìí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa.

Ewé kankan ò tíì já.