Ẹfun Inú Kẹ́tùlù

Omi Norwich le. Ẹ wo inú kẹ́tùlù wa,
ẹfun ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí èèpá ojú egbò.
Mo fi ṣíbí ha á títí, ó kọ̀.
Kálísíọ́mù ni. Òun náà ló di eyín,
òun ló di egungun, òun ni ìkarahun ìgbín
tí mo máa ń tò sẹ́yìn ilé ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n.
Ta ni yóò gbà pé ohun tó le tó báyìí
lè rọra wọlé, kó sì pa onílé?

Eyín ló kọ́kọ́ dun Fẹ́yíṣarà.
Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru ní Dereham.
Oníṣègùn eyín ní kó padà wá lóṣù kẹta.
Ó gbé panadó mì, ó gbé oògùn ọ̀fìnkìn lé e,
kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n,
aṣọ lásán ni wọ́n pààrọ̀.
Ọjọ́ mẹ́rin. Funfun ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú.

Èmi tí mo ń fọ gíláàsì ní yàrá ìwádìí Dókítà Pettifer,
èmi náà ni mo ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku lóru.
A ti rẹ wọ́n sínú aró kan
tó ń tàn bí kálísíọ́mù bá fọwọ́ kàn án.
Sẹ́ẹ̀lì tó sàn, òkùnkùn ni inú rẹ̀.
Ó ń gbọ́n kálísíọ́mù síta, ó ń gbọ́n ọn síta,
bí ẹni tí òjò ká mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi:
bí ẹgbàárùn-ún bá wà níta, ẹyọ kan ni inú ilé.
Ẹyọ kan yẹn, ìránṣẹ́ ni.
Ogunlọ́gọ̀ wọn, ogun ni.

Mo kán májèlé sí i. Mo jókòó.
Wákàtí kan, kò sí nǹkan.
Àfi bí ọwọ́ tó ń gbọ́n ọn ṣe rọ,
ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé yọ létí, ó tàn dé àárín,
ara sẹ́ẹ̀lì lé ròrò
bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà lé.
Àwọn ọ̀bẹ tó ti ń sùn nínú àkọ̀ látọjọ́
fa ara wọn yọ: wọ́n ń gé ògiri, wọ́n ń gé okùn,
wọ́n ń ya ìwé tí a kọ ìtàn ìdílé sí.
Ó lẹ́wà.
Ẹ forí jì mí, ó lẹ́wà.

"Kálísíọ́mù ló pa á," ni mo wí. Pettifer mi orí:
"Àbí ó ti kú tán kí kálísíọ́mù tó wọlé?"
Ogún ọdún ló ti ń bá àwọn kan ní Glasgow jiyàn ọ̀rọ̀ yìí,
pé ṣé ògiri ló kọ́kọ́ lanu ni,
àbí aláńgbá ló fi èékánná la á.
Mo ní, sà, ẹni tó wà lórí ibùsùn kò bèèrè.

Ní wọ́ọ̀dù, oògùn ń kán sí i lápá,
ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.
Mo ní kó fẹ̀dọ̀ lérí òróòro.
Ó rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú:
"Ẹ̀dọ̀ wo?"
Eyín yẹn ṣì ń dùn ún.

Mo délé láago mẹ́fà. Mo gbé omi kaná.
Ẹfun ń mì nísàlẹ̀ kẹ́tùlù, ó funfun báláú,
kò mọ̀ pé òun là ń sọ.