Sinimá Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dínwó ní Brandon.
Yìnyín bo títì, ọkọ̀ wa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà.
Ìbíyẹmí ní kí n wọ kóòtù.
Mo ní ó rẹ̀ mí, àárọ̀ ni mo ti ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀,
ìka mi ò ká mọ́.
Ó ní, "Ṣé ìka lo fi ń wo sinimá ni?"

Ọkùnrin kan yọ lójú àwòrán,
ó lóun mọ inú igbó bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.
Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá
tó fi kó sínú ẹrọ̀fọ̀, bàtà kan bá a lọ.
Obìnrin tó ni máàpù wò ó, ó pòṣé.
Òṣé yẹn, mo mọ̀ ọ́n.
Òun ló máa ń dún nílé wa
bí mo bá ní mo lè tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe.

Wọ́n sá fún olè, wọ́n sá fún ọ̀nì,
wọ́n gun afárá okùn tí ewúrẹ́ tó gbọ́n ò ní gùn,
àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jà:
ta ló jẹ bisikíìtì tó kù?
Mo rẹ́rìn-ín títí gúgúrú fi há mi lọ́fun.
Ìbíyẹmí ń gbá mi lẹ́yìn,
kò gbójú kúrò lára àwòrán.

Mo mọ̀ pé wọn ò ní kú.
Ọmọdé tó jókòó níwájú wa náà mọ̀.
Ohun tí a sanwó fún nìyẹn:
kí okùn já, kí ẹ̀ka igi kan sì wà nísàlẹ̀,
kí ìṣúra sọnù sómi, kó má sì dun ẹnikẹ́ni.
Níbi iṣẹ́ tèmi, bí okùn bá já,
fọ́ọ̀mù la ń kọ.

Àwa náà ní máàpù nígbà tí a dé ìlú yìí:
àpótí mẹ́rin, àdírẹ́sì ẹnìkan tí kò gbé fóònù.
Bàtà kánfáàsì ni mo wọ̀ wọ inú òtútù,
mo ní mo mọ ọ̀nà.
Ó pòṣé. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín
ní ibùdókọ̀, lóru,
omijé fẹ́ẹ̀ dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.
Kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà dání.

Wọ́n fẹnu kora wọn, iná tàn, a jáde.
Ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní,
"Fi mí sílẹ̀, mo mọ inú ẹ́ńjìnnì yìí
bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀."
Ìbíyẹmí ò sọ̀rọ̀.
Bàtà mi ló ń wò.