Ibo Ni Ìbò Ń Lọ?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, mo ti gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́fà.
Yìnyín dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn,
bàtà gbogbo ẹni tó wọlé ń sunkún sórí pákó.
Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ń jókòó ti àpótí páálí yìí
ní abúlé wa ní Saskatchewan,
níbi tí ilé ọkà ga ju ilé Ọlọ́run lọ.

Lorne Petkau ló kọ́kọ́ dé, bó ti máa ń ṣe,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, fìlà onírun rẹ̀ lábẹ́ abíyá.
"Orysia," ó ní, "ìgbà kọkàndínlógún mi nìyí.
Mo dìbò, mo dìbò, ibo ni ìbò mi ń lọ?
N ò tíì mú ẹni tó wọlé rí láyé mi.
Bí mo bá gbin àlìkámà nígbà mọ́kàndínlógún
tí kò hù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ta ni ká bú: èmi, ilẹ̀,
àbí ẹni tó ní báyìí ni ká ṣe máa gbìn ín?"
N ò fèsì. Ẹni tó wà nídìí àpótí ò gbọdọ̀ lẹ́nu.
Mo fún un ní ìwé, mo nawọ́ sí ẹ̀yìn páálí.
Ṣàá, ṣàá. Igi méjì, ọ̀kan dábùú èkejì.

Delphine Okemaw dé lọ́sàn-án.
Kì í fọwọ́ kan pẹ́ńsù wa.
Ó mú tirẹ̀ wá látilé,
èyí tí ìyá rẹ̀ fi dìbò lọ́dún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí
pé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó ní ààlà náà lọ́wọ́.
Ó ti kúrú bí eyín ọmọdé.
Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ lẹ́yìn páálí.
Ó pẹ́ gan-an.

Tavish, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ò wá.
Mo pè é lórí fóònù nígbà tí mo ń jẹun.
"Àǹtí, ẹ má bínú, inú ihò kùsà ni mo sùn mọ́jú.
Àti pé kí ni ǹ bá wá ṣe?
Ẹ gbé àga kalẹ̀ ládùúgbò yìí,
ẹ fi àwọ̀ yẹn kùn ún,
àga á wọlé."
Mo gbé oúnjẹ mì. Àga náà ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọkùnrin kan ti dúró nínú gbọ̀ngàn yìí rí,
ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyí tí a ó fi òfin àtijọ́ dìbò,
pé ìbò kankan ò ní ṣòfò mọ́.
A pàtẹ́wọ́. Lorne fi fìlà rẹ̀ júwọ́.
Ó wọlé tán, ó ní ẹnu ará ìlú ò tíì kò.
Ẹni tí àkàbà gbé gòkè,
ṣé òun ni yóò ní kí wọ́n là á fi dáná?

Ilẹ̀ ṣú. A ti ilẹ̀kùn, a tú àpótí sórí tábìlì.
Igba ìwé àti mẹ́rin.
Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún fún àga.
Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Méjìdínlógójì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ẹni mẹ́rìnléláàádọ́fà ló ní òun ò fẹ́ ẹ,
òun náà ló gbé àwo ọbẹ̀ lọ,
ẹran, omi, egungun,
àwọn yòókù ń lá ọwọ́ gbígbẹ.

Ó ku ìwé kan.
Kò sí igi méjì lórí rẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ kọjá lórí orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:
Ẹ KA ÈMI NÁÀ.
Lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣú, ó nípọn, ó ti gbó,
kò jọ ti ọ̀kankan nínú mẹ́fà mi.
Mo mọ ọwọ́ náà.
N ò mọ̀ ọ́n. Òfin ní n má mọ̀ ọ́n.
Mo kọ "ọ̀kan" sínú àlàfo àwọn tó bàjẹ́,
mo tẹ̀ ẹ́ débi pé
ẹnu pẹ́ńsù ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.