Ọ̀wẹ̀ ní Tromsø

Oṣù Kejìlá, ní Tromsø, oòrùn ò yọ rárá.
Sunniva ń ka yìnyín nínú àwòrán sátẹ́láìtì:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àwòrán, kọ̀ǹpútà kan,
tó ń jẹ wọ́n níkọ̀ọ̀kan
bí arúgbó ṣe ń jẹ àgbàdo gbígbẹ.

Ó mọ yìnyín. Ó mọ èyí tó ti pẹ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.
Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún ọgọ́ta ẹ̀rọ.
Ó gbìyànjú. Ó gé òkun sí wẹ́wẹ́, ó pín in;
nígbà tó rán an pọ̀, ojú abẹ́rẹ́ hàn:
ìlà tààrà lórí yìnyín tí kò lanu rí.
Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan pè: "Ṣé ọ̀nà nìyẹn?"
Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Eilert, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,
fi oṣù méje kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní rí:
pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó tó ro oko tirẹ̀,
kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀bá oko aládùúgbò,
kí ààlà má baà di irọ́.

Lónìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Sunniva fi kún ìlànà àtijọ́.
Ọgọ́ta ẹ̀rọ dìde bí ọlọ́wẹ̀ tó gbọ́ orúkọ oko.
Kọfí rẹ̀ ò tíì tutù.
Ó ń wo òkun, odidi, láìsí ojú abẹ́rẹ́,
ó sì wá ráyè béèrè ohun tó gbé e débẹ̀:
yìnyín yìí,
èéṣe tó fi ń fẹ́lẹ́ sí i?