Ẹ̀rín Tí Mo Rín ní Èbúté

Wọ́n to àga sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́.
Olùdíje gba máìkì,
ó ní akólòlò ni alátakò òun:
“Kó tó pe ‘tí-tí-títì’ tán,
òjò á ti wọ́ ọ lọ sínú ọ̀sà!”
Èrò bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rín in, mo tún pàtẹ́wọ́,
ìrẹsì kóńgò méjì tí wọ́n pín
ń bẹ lábẹ́ abíyá mi.

Múnírù di etí ìró mi mú,
ọmọ ọdún méje
tó ń gbé “m” sẹ́nu bí ẹni mu kòkó gbígbóná
kó tó lè pe “màámi”.
Kò wo olùdíje.
Ẹnu mi ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́,
àmù ló ń nàka sí.
Ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì.
Mò ń ha ìpẹ́ ẹja,
mò ń dẹtí.